Irúgbìn Elégédé Tó Máa So Ńlá: Ìtàkùn Ni Kí Ẹ Yàn, Ẹ Má Yan Èso

Ọ̀rọ̀ irúgbìn elégédé ni a fẹ́ bá yín sọ lọ́tẹ̀ yìí, torí pé ìbéèrè kan náà ni a ń gbọ́ níbi tí a bá dé: "Mo ra elégédé kan lọ́jà, ó tóbi ju ìkòkò ọbẹ̀ lọ. Mo yọ kóró inú rẹ̀, mo gbìn ín. Kí ló wá dé tí tèmi so bíńtín?"

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré. Ẹni tó gbin elégédé ní oṣù kẹta tàbí oṣù kẹrin, nígbà tí òjò ti fìdí múlẹ̀, kò ní mọ̀ pé irúgbìn òun kò dára títí oṣù keje fi máa wọlé. Nígbà yẹn, owó ìgbẹ́ adìyẹ ti lọ, owó alágbàṣe ti lọ, ilẹ̀ sì ti fi oṣù mẹ́ta gbé ohun tí kò pa owó wọlé. Lọ́dọ̀ wa ní Mainland níbí, oko ẹlòmíràn kò ju ilẹ̀ tí wọn kò tíì kọ́lé sí, tàbí etí kánáàlì, tàbí ẹ̀yìnkùlé. Onílẹ̀ lè dé lọ́la kó ní kí ẹ kó ẹrù yín. Bí sáà kan bá bàjẹ́ mọ́ irú àgbẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́, ó lè máà rí òmíràn gbìn lórí ilẹ̀ yẹn mọ́.

OHUN TÓ Ń MÚ ELÉGÉDÉ TÓBI

Ohun méjì ni: oúnjẹ tó jẹ, àti ìdílé tó ti wá. Bí ẹ bá rí elégédé ńlá lọ́jà Oyíngbò tàbí ní Ojúwòyè ní Mushin, ẹ kò lè mọ èwo nínú méjèèjì ló mú un tóbi. Ó lè jẹ́ pé orí àkìtàn ló hù sí, tó jẹ àjẹyó. Ó lè jẹ́ pé òun nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀ lórí ìtàkùn rẹ̀. Elégédé tó jẹ́ pé oúnjẹ nìkan ló mú un sanra, kò ní sísanra kankan tó máa fi jogún fún ọmọ rẹ̀. Ẹ gbin ọmọ náà sí ilẹ̀ lásán, ẹ ó sì rí ohun tí ìdílé rẹ̀ jẹ́ gan-an.

Ìdí kejì tún wà, òun gan-an ló ń dààmú àwọn èèyàn jù. Tí ẹ bá gbé elégédé kan lọ́wọ́, ìyá nìkan ni ẹ̀ ń rí. Èèpo rẹ̀, ẹran ara rẹ̀, bó ṣe tóbi tó, ti ìyá ni gbogbo rẹ̀. Àmọ́ kóró kọ̀ọ̀kan tó wà nínú rẹ̀ ló ní bàbá. Bàbá yẹn lè jẹ́ elégédé wẹ́wẹ́ kan tó hù fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ilé aládùúgbò, tí oyin gbé lẹ́búlẹ́bú ara òdòdó rẹ̀ wá. Èso tí ẹ rà kò ní fi èyí hàn yín. Ọdún tó ń bọ̀, nígbà tí kóró yẹn bá so, ni ẹ máa ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ojú bàbá. Wọ́n ní ohun tí èèyàn bá gbìn ni yóò ká, àmọ́ ẹni tó gbin kóró elégédé ọjà kò tiẹ̀ mọ ohun tó gbìn.

Ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ pé kí ẹ má yan èso. Ìtàkùn ni kí ẹ yàn, nínú oko, nígbà tó ṣì wà láàyè, kí ẹ sì fi ọwọ́ ara yín yan akọ fún un.

OHUN TÍ ÀWỌN KAN TI FI YÍYAN IRÚGBÌN ṢE

Ẹ jẹ́ ká wo òkè òkun díẹ̀. Ní ọdún 1904, William Warnock láti Kánádà gbé elégédé kan lọ sí ìpàtẹ àgbáyé ní St. Louis ní Amẹ́ríkà. 403 pọ́n-ùn ló wọ̀n, nǹkan bíi 183 kìló. Kò sí ẹni tó borí rẹ̀ títí di ọdún 1976. Ẹ ronú sí i: ó lé ní àádọ́rin ọdún tí gbogbo ayé fi ń gbin elégédé, tí kò sí èyí tó ju ìyẹn lọ.

Lẹ́yìn náà ni Howard Dill dé, àgbẹ̀ kan ní Nova Scotia ní Kánádà. Ọ̀pọ̀ ọdún ni bàbá yìí fi ń yan ìtàkùn tó dára jù nínú oko rẹ̀, tó sì ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé akọ fún abo. Láti 1979 títí dé 1982, ọdún mẹ́rin tẹ̀léra, òun ló gba ipò kìíní nínú ìdíje àgbáyé. Tirẹ̀ ti ọdún 1981 wọ̀n 493.5 pọ́n-ùn. Atlantic Giant ni orúkọ irúgbìn tó yàn yẹn, ọmọ-ọmọ rẹ̀ sì ni àwọn tó ń díje ń gbìn káàkiri. Ní ọdún 2023, Travis Gienger ní Amẹ́ríkà gbé elégédé tó wọ̀n 2,749 pọ́n-ùn sórí ìwọ̀n. 1,247 kìló nìyẹn, bí ẹni kó àpò sìmẹ́ǹtì 25 jọ sójú kan.

A kò jiyàn pé ajílẹ̀ àti ìtọ́jú wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ó yẹ ká kọ́ lọ́dọ̀ wọn ni pé wọn kì í gbin kóró tí wọn kò mọ ìdílé rẹ̀. Fún irúgbìn kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń kọ ìwọ̀n ìyá rẹ̀ sílẹ̀, orúkọ ẹni tó gbìn ín, ọdún tó so, àti irú bàbá tó ní. Bí ẹni ń ki oríkì ni.

Ẹ má torí èyí lọ náwó sórí Atlantic Giant o. A ti ń rí àwọn tó ń tà á lórí fóònù pẹ̀lú fọ́tò ńlá-ńlá. Irú elégédé yẹn fẹ́ ibi tó tutù. Ooru àti ọ̀rinrin Èkó kò bá a lára mu, ewé rẹ̀ á tètè hu funfun. Ká tiẹ̀ ní ó so, omi ló pọ̀ nínú rẹ̀, adùn rẹ̀ kò tó ti elégédé wa. Ìwà àwọn àgbẹ̀ wọ̀nyẹn ni ká kọ́, ká fi irúgbìn wọn sílẹ̀ fún wọn.

BÍ Ẹ ṢE MÁA YAN ÌYÁ

Inú oko kan náà, lórí ilẹ̀ kan náà, ajílẹ̀ kan náà, ni kí ẹ ti fi ìtàkùn wé ìtàkùn. Èyí tó wà létí ààtàn tàbí ibi tí omi ìdọ̀tí ń ṣàn gbà, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú àfiwé, kò bá àwọn tó kù jẹun dọ́gba. Ìtàkùn tó wà láàrin àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, tó jẹ ohun tí wọ́n jẹ, tó sì yọ láàrin wọn, òun ni ẹ̀ ń wá.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó láti ọ̀sẹ̀ kẹrin. Ẹ wo èyí tí ara rẹ̀ nípọn, tí ewé rẹ̀ fẹ̀, tó ń sáré. Ẹ wo ewé rẹ̀ dáadáa: bí ó bá kákò, tó ní àmì ewéko àti yẹ́lò tóótòòtó, àrùn ló wà lára rẹ̀, àwọn àrùn kan lára irú èyí sì lè bá kóró lọ sí ọdún tó ń bọ̀. Ẹ má ṣe yàn án, bó ti wù kó tóbi tó. Ẹ fà á tu, kí kòkòrò má baà gbé àrùn náà dé ọ̀dọ̀ àwọn tó kù.

Ẹ̀yin ìyá wa tó ń já gbọ̀ọ̀rọ̀ tà, ọ̀rọ̀ yín nìyí. Ìtàkùn tí ẹ ń já ewé rẹ̀ lójoojúmọ́ kò lè so èso ńlá, ewé yẹn ló fi ń se oúnjẹ. Torí náà, ẹ yan ìtàkùn márùn-ún tàbí mẹ́fà sọ́tọ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í já. Ẹ so aṣọ pupa mọ́ ìdí wọn, kí ẹ sì kìlọ̀ fún àwọn ọmọ ilé pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn wọ́n. Ẹ má ṣe yan ẹyọ kan ṣoṣo o. Bí kòkòrò bá jẹ ẹ́ tàbí tí olè bá gbé e, gbogbo iṣẹ́ yín ti dòfo.

Èso kan ni kí ẹ fi sílẹ̀ lórí ìtàkùn kọ̀ọ̀kan, méjì ó pọ̀ jù. Èyí tó kọ́kọ́ yọ nítòsí ìdí gan-an kì í sábàá tóbi. Ẹ fi èkejì tàbí ẹ̀kẹta sílẹ̀, kí ẹ gé àwọn yòókù nígbà tí wọ́n ṣì kéré.

BÍ Ẹ ṢE MÁA FI ỌWỌ́ GBÉ AKỌ FÚN ABO

Ní oko ńlá ní ìgbèríko, wọ́n máa ń ní kí àgbẹ̀ fi nǹkan bíi kìlómítà kan sáàrin oko irúgbìn rẹ̀ àti elégédé mìíràn, kí oyin má baà da ìran wọn pọ̀. Ní Mainland, ibo la ti fẹ́ rí kìlómítà kan? Ẹ gbin tiyín ní Àkókà, ẹlòmíràn ti gbin tirẹ̀ lẹ́yìn fẹ́ńsì. Torí náà, ọwọ́ la máa fi ṣe é. Kò le rárá.

Lórí ìtàkùn kan náà ni akọ òdòdó àti abo òdòdó máa ń wà. Akọ ló ń kọ́kọ́ yọ, torí náà ẹ má bẹ̀rù bí òdòdó bá ń rẹ̀ dànù fún ọ̀sẹ̀ kan láìso. Ọrùn akọ gùn, ó sì tín-ín-rín. Abo ní elégédé kékeré róbótó lábẹ́ òdòdó rẹ̀, ẹ kò lè ṣì í mọ̀. Ìdájí ni méjèèjì ń là, wọ́n á sì ti pa dé kí oòrùn tó kàn tán.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ wá abo òdòdó tí orí rẹ̀ ti pọ́n yẹ́lò àmọ́ tí kò tíì là. Ẹ fi òwú tàbí rọ́bà dì í lẹ́nu, kí oyin má baà ṣáájú yín débẹ̀. Ẹ di akọ méjì tàbí mẹ́ta lẹ́nu bákan náà, kó jẹ́ láti orí ìtàkùn mìíràn nínú àwọn tí ẹ so aṣọ pupa mọ́, kì í ṣe láti ara ìtàkùn abo náà. Báyìí, ìyá dára, bàbá náà dára.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, láàrin aago mẹ́fà àbọ̀ sí mẹ́jọ, ẹ já àwọn akọ, ẹ ya ewé òdòdó wọn kúrò, kí ọ̀pá àárín tó ní lẹ́búlẹ́bú yẹ́lò lè yọ síta. Ẹ tú abo, ẹ fi ọ̀pá náà pa á lójú jẹ́jẹ́ yí ká. Ẹ lo gbogbo akọ tí ẹ já, torí lẹ́búlẹ́bú tí kò bá tó á mú kí èso wọ́ tàbí kó já bọ́. Ẹ tún abo dì padà, ẹ so okùn mọ́ ọrùn rẹ̀ fún àmì. Kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Bí òjò bá ń rọ̀ lówùúrọ̀ náà, ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ mìíràn. Bí ó bá já bọ́ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún, kò di ìjà, ẹ tún ṣe òmíràn. Ẹni tó bá sì fẹ́ fín oògùn kòkòrò, ìrọ̀lẹ́ ni kó fín in. Bí ẹ bá fín in láàárọ̀ nígbà tí òdòdó là, oyin lẹ̀ ń pa, àwọn èso yòókù nínú oko yín kò sì ní rí ẹni bá wọn gbé akọ.

Àwọn kan máa ń bi wá pé ṣé elégédé kò ní bá ẹ̀gúsí, kùkúńbà tàbí ugwu da ìran pọ̀. Rárá o. Ẹ lè gbìn wọ́n sítòsí ara wọn, ilẹ̀ nìkan ni wọ́n máa jà sí. Àmọ́ bí ẹ bá tọ́ elégédé kan wò tó korò bí ewúro, ẹ má jẹ ẹ́, ẹ má tà á, ẹ má sì mú kóró rẹ̀. Kíkorò yẹn lè da inú rú gidigidi.

ÌGBÀ TÓ YẸ KÍ Ẹ GÉ E

Ohun mìíràn tó máa ń ba kóró ọjà jẹ́ rèé: oníṣòwò fẹ́ owó kíákíá, wọ́n ti gé e kó tó gbó. Ẹran ara rẹ̀ á ṣeé sè, àmọ́ kóró inú rẹ̀ kò tíì yó. Fún irúgbìn, ẹ fi èso sílẹ̀ lórí ìtàkùn fún oṣù kan àbọ̀ sí oṣù méjì lẹ́yìn tí ẹ gbé akọ fún un. Ẹ fi èékánná tẹ èèpo rẹ̀. Bí èékánná bá wọlé, kò tíì tó. Ọrùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti gbẹ kó le bí igi, kí ẹ̀gbẹ́ tó fi kan ilẹ̀ sì ti pọ́n. Ẹ fi pákó tàbí koríko gbígbẹ sábẹ́ rẹ̀ nígbà òjò, kó má baà jẹrà.

Bí ẹ bá gé e, ẹ má tíì là á. Ẹ gbé e sí ibòji tí afẹ́fẹ́ ń wọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kóró ṣì ń jẹun lára ìyá rẹ̀ ní gbogbo àkókò yẹn, ó ń lágbára sí i. Lẹ́yìn náà, ẹ là á, ẹ yọ kóró, ẹ fọ̀ ọ́ mọ́ lára ohun yíyọ̀. Ẹran ara rẹ̀ ṣì dára fún ọbẹ̀, kò sí ohun tó ṣòfò.

Ní ti omi tí àwọn kan máa ń da kóró sí, pé èyí tó léfòó kò dára: fún àgbàdo àti ẹ̀wà, a gbà. Fún elégédé, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e, torí kóró rẹ̀ fúyẹ́, èyí tó dára náà lè léfòó. Ìka lẹ máa lò. Ẹ tẹ̀ ẹ́ láàrin àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀. Èyí tó kún, tó le, ẹ mú un. Èyí tó rọ̀ bíi bébà, ẹ dà á nù. Kóró tó fẹ̀ tó sì wúwo ló ní oúnjẹ púpọ̀ nínú, òun ló máa ń jáde pẹ̀lú agbára.

Ẹ sá a sórí ẹní tàbí atẹ nínú ibòji, kì í ṣe orí páànù nínú oòrùn, páànù gbígbóná máa sè é ni. Kó gbẹ títí tó fi máa ṣẹ́ pẹ́kẹ́ bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, kó má kàn ká. Ọ̀rinrin Èkó ni ọ̀tá tó kù. Ẹ dà á sínú ìgò gbígbẹ tí ìdérí rẹ̀ le, ẹ yan ìrẹsì díẹ̀ lórí iná láìfi òróró sí i títí tó fi gbẹ, ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ dì í sínú aṣọ, kí ẹ jù ú sínú ìgò náà. Ìrẹsì yẹn á máa fa ọ̀rinrin. Ẹ gbé e síbi tí kò gbóná, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ sítóòfù.

Ẹ̀YIN TÓ Ń GBIN UGWU

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe ohun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ yìí fún ugwu o! Kóró ugwu kì í fẹ́ gbígbẹ. Bí ẹ bá sá a bíi ti elégédé, ẹ ti pa á nìyẹn, kò ní hù mọ́. Inú èso rẹ̀ ni kí ẹ fi í sí, níbi tó tutù, títí ìgbà tí ilẹ̀ yín bá ṣe tán. Ẹ wá là á, kí ẹ gbìn ín láàrin ọjọ́ mélòó kan. Bí ẹ bá là á tí ẹ rí i pé kóró mélòó kan ti hù nínú, kì í ṣe èèmọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ugwu ṣe ń ṣe. Ẹ fara balẹ̀ gbìn wọ́n.

Ugwu akọ yàtọ̀, ugwu abo yàtọ̀, ìtàkùn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Abo ló ń so, ewé rẹ̀ ló sì máa ń fẹ̀ jù. Ẹni tó bá ní òun lè fojú wo kóró kí òun mọ abo, owó yín ló ń wá. Ìgbà tí wọ́n bá yọ òdòdó ni ẹ máa mọ̀. Ẹ fi akọ díẹ̀ sílẹ̀ láàrin abo, torí bí ẹ bá fà gbogbo akọ tu, ẹ kò ní rí èso irúgbìn.

BÍ Ó BÁ JẸ́ RÍRÀ LẸ FẸ́ RA

Kò burú. Ẹ wo ara ọ̀rá rẹ̀ fún orúkọ irúgbìn náà, iye tó ń hù nínú ọgọ́rùn-ún, àti ọjọ́ tí wọ́n dán an wò. National Agricultural Seeds Council ni ìjọba fi ṣe olùtọ́jú ọ̀rọ̀ irúgbìn, òfin ọdún 2019 sì fún wọn lágbára lórí ẹni tó bá ń ta ayédèrú. Irúgbìn tó ń ti òkè òkun wọlé ní láti gba ọwọ́ Nigeria Agricultural Quarantine Service kọjá, kó má baà gbé àrùn tuntun wọ̀lú. Bí wọ́n bá kọ F1 sára rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní háíbíríìdì, ọdún kan péré ni ẹ lè fi gbádùn rẹ̀. Ẹ má tọ́jú kóró inú rẹ̀, torí àwọn ọmọ rẹ̀ kì í jọ ara wọn. Kóró tí wọ́n fi oògùn aláwọ̀ pupa tàbí búlúù kùn, ẹ má jẹ́ kí ọmọdé fi ṣeré, ẹ má sì yan án jẹ.

KÍ Ẹ TÓ GBÌN

Pọ́lọ́ọ̀tì kan tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120, bí ẹ bá fi ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà sáàrin ihò kan àti èkejì, ihò 200 ló máa gbà. Kóró méjì sí ihò kan, ó di 400. Èso méjì tàbí mẹ́ta tó gbó dáadáa lè fún yín ní iye yẹn. Torí náà, kò sí ìdí tí ẹ fi máa kó kóró tí kò yó mọ́ èyí tó yó. Bí wọ́n bá hù tán, ẹ fi èyí tó lágbára jù sílẹ̀ nínú ihò kọ̀ọ̀kan.

Ẹ ra ìwé kékeré kan. Ẹ kọ ìtàkùn tí ẹ ti mú kóró, ìtàkùn tí akọ rẹ̀ ti wá, ọjọ́ tí ẹ gbé e, àti ìwọ̀n èso náà. Ẹ̀yin tí kò mọ̀ ọ́n kọ, ẹ jẹ́ kí ọmọ ilé ìwé bá yín kọ ọ́. Ẹ lẹ irú ọ̀rọ̀ kan náà mọ́ ara ìgò. Bí ẹ bá ṣe èyí fún sáà mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ẹ̀yin náà á rí ìdílé tó dúró lórí ilẹ̀ yín àti èyí tí kò dúró.

Ní ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹ tó gbin tòótọ́, ẹ ka kóró 20 sínú aṣọ tútù, ẹ ká a, ẹ fi ọ̀rá bò ó, ẹ gbé e síbi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ẹ máa wọ́n omi sí i díẹ̀díẹ̀. Ní ọjọ́ kẹjọ, ẹ kà á. Bí 16 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bá hù, ẹ máa gbìn ín lọ. Bí ó bá jẹ́ 10 sí 15, kóró mẹ́ta ni kí ẹ fi sí ihò kan. Bí kò bá tó 10, ẹ dà á fún adìyẹ, bí kò bá ti ní oògùn lára, kí ẹ lo ọ̀sẹ̀ kan tó kù láti wá òmíràn lọ́wọ́ àgbẹ̀ ẹgbẹ́ yín tí ẹ mọ oko rẹ̀.